Orúkọ Heo kò jẹ́ kí Misuk fẹ́ Kim

Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìdí tí bàbá Misuk, ọ̀rẹ́ mi ará Kòríà tó ń ta wíìgì ní Ìdúmàgbò, fi ní kò lè fẹ́ Kim, àfẹ́sọ́nà rẹ̀.

Heo ni orúkọ ìdílé Misuk. Ayaba kan láyé àtijọ́ ló bẹ ọkọ rẹ̀, ọba tó jẹ́ baba ńlá ìdílé Kim, pé kí díẹ̀ nínú àwọn ọmọ àwọn máa jẹ́ Heo, orúkọ tòun. Ìdílé méjèèjì ti tàn ká gbogbo Kòríà báyìí, síbẹ̀ wọn kì í fẹ́ra.

Mo mú un lọ bá Màmá Àgbà ní Ìta Fájì. Mo rò pé wọ́n á fi rẹ́rìn-ín ni.

"Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n. Ṣé ìwọ lè fẹ́ ọmọ agboolé wa?"

"Màmá, ó mà ti pẹ́ gan-an," ni mo wí.

"Ẹ̀jẹ̀ kì í gbó, ọmọ òyìnbó," ni wọ́n sọ fún Misuk.

Misuk gbọ́ ìyẹn yé. Ó kàn ń sunkún.

Ó ní kí n bá òun sọ fún Kim ní Ìkòyí lọ́la pé òun kò lè fẹ́ ẹ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe sọ ọ́?