Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Wọ́n Kọ Sínú Fáìlì

Bí ẹ bá rin Duport Road láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nínú géètì mẹ́wàá tẹ́ ẹ bá rí, mẹ́fà á jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mi ò fọ́nnu, ẹ béèrè. Kíláàsì kẹta ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, síbẹ̀ kò sí wẹ́dà kan ní gbogbo Paynesville, ní Liberia níbí, tó lè kọ́ mi níṣẹ́ irin. Ẹnu mi náà sì mú ju irin lọ. Nínú ìjọ wa, bí tọkọtaya bá jà, èmi ni pásítọ̀ ń ránṣẹ́ pè. Mo sọ èyí kẹ́ ẹ lè mọ irú ẹnu tó pa àbúrò mi.

Ọmọ ìyá mi ni. Èmi ni mo mú un láti ilẹ̀ Yorùbá wá sí Monrovia. Ó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí kan ní Bushrod Island, nítòsí èbúté. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n wá jẹnẹrétọ̀ ọ̀gá wọn tì. Àbúrò mi kọ́ ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tó sọnù, ṣùgbọ́n òun ni àjèjì láàárín wọn, òun ni ọlọ́pàá mú.

Ìyàwó mi, ọmọ Liberia, ní ká wá lọ́yà. Mo rẹ́rìn-ín. "Lọ́yà? Kí ló fẹ́ sọ tí ẹnu mi ò lè sọ?" Ṣebí àwọn àgbà wa ló ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Mo kó pásítọ̀ àti àgbà ìjọ méjì lẹ́yìn, a lọ bá ọ̀gá náà ní tẹ́ṣàn ọlọ́pàá. Wọ́n mú àbúrò mi jáde. Mo ní kó dọ̀bálẹ̀.

Ó wojú mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mú nǹkan kan o."

"Ta ló ní o mú un? Àgbà la fẹ́ bẹ̀. Dọ̀bálẹ̀ jàre!"

Ó dọ̀bálẹ̀. Èmi náà dọ̀bálẹ̀ tì í, tèmi taṣọ funfun tí mo wọ̀. Gẹ̀ẹ́sì Liberia ni mo fi ń bẹ ọkùnrin yẹn: ẹ foríjì wá sà, ẹ fojú fò ó, kò ní í ṣẹlẹ̀ mọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀ kò wí pé òun jẹ̀bi; ó kàn fẹ́ kí ọkàn ẹni tínú ń bí rọ̀ ni. Ọ̀gá ní ká dìde. Ọlọ́pàá tó jókòó sídìí tábìlì ló ń kọ̀wé. Bá a ṣe ń jáde, mo ń yangàn fún pásítọ̀: "Ẹ rí i? Ẹ̀bẹ̀ mi wọlé."

Nígbà tá a dé kóòtù, wọ́n ka ìwé náà sétí gbogbo èèyàn: ẹbí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ti gbà pé ó jalè, wọ́n sì ti tọrọ àforíjì. Adájọ́ ní kí wọ́n fi í pamọ́ sẹ́wọ̀n di ìgbà tí kóòtù ńlá máa gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Ìgbà yẹn kò dé. Lónìí, ẹlẹ́rìí ò wá. Lọ́jọ́ kejì, wọn ò rí fáìlì. Lọ́jọ́ mìíràn, ọkọ̀ tí ì bá gbé àwọn ẹlẹ́wọ̀n wá ò lépo. Màá jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, màá máa wo géètì kóòtù, tí ẹni tó jó o kò jó o dáadáa. Ìgbà òjò méjì kọjá. Ẹsẹ̀ àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú lẹ́wọ̀n. Ìgbà ìkẹyìn tí mo rí i, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bá mi bẹ ẹnikẹ́ni mọ́." Ó kú kí adájọ́ kankan tó bi í ní ìbéèrè ẹyọ kan.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Liberia, Monrovia ni wọ́n sì ti tọ́ ọ. Yunifásítì ló rán an. Ó ń ṣèwádìí ìdí tí àwọn èèyàn fi ń pẹ́ lẹ́wọ̀n láìrí adájọ́, kí ìjọba lè mọ ibi tó yẹ ní títúnṣe.

Mo wò ó látòkè délẹ̀. "Gbogbo ìwé tó o kà yìí, ṣé o lè jó irin?"

"Rárá sà. Ẹ̀yin náà ò sì lè kọ ìwé mi. Ẹ jẹ́ ká ran ara wa lọ́wọ́."

Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé àga fún un. Mo wá rojọ́ ju rédíò lọ: adájọ́ ò tó, ọkọ̀ ò lépo, fáìlì ń sọnù. Ó ń kọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó yá, ó dá ọwọ́ dúró.

"Mo ti ka fáìlì àbúrò yín sà. Wọ́n ní ẹbí gbà pé ó jalè. Mi ò rí ẹ̀rí míì níbẹ̀. Ta ló gbà bẹ́ẹ̀, sà?"

Mo lè di ẹ̀bi náà lé ọlọ́pàá lórí. Ohun tí mo ti ń sọ fún ìyá wa lórí fóònù nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá pa òótọ́ mọ́, olè ni àbúrò mi máa jẹ́ nínú ìwé ọmọ yìí náà.

"Èmi ni," mo ní. "Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀. Kò jalè. Kọ ọ́ síbẹ̀."

"Ìwé mi ò lè yí fáìlì padà o, Dádì."

"Mo mọ̀. Ṣáà kọ ọ́."

Ó kọ ọ́. Ó wá ní, "Àwọn adájọ́ tó máa kà á ò mọ bá a ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Èmi gan-an, ìkúnlẹ̀ nìkan ni bàbá mi kọ́ mi. Ẹ ṣe é kí n rí i, kí n lè ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn."

Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ mi. Mo na gbogbo ara sílẹ̀ láàárín èérún irin, àyà mi kanlẹ̀, bí mo ṣe ní kí àbúrò mi ṣe é lọ́jọ́ náà. Mò ń gbọ́ ìró bíírò rẹ̀ lórí ìwé.

"Mo ti rí i sà. Ẹ dìde."

Mi ò tètè dìde.