Koríko Inú Àpótí Ìyá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ẹsẹ̀ mi kì í kanlẹ̀ bí mo bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ orin Kérésìmesì nílé wa ní Kabawa kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ fara balẹ̀ ẹ gbọ́. Bí Fádà bá ti wọ aṣọ elésè-àlùkò báyìí, Àdífẹ́ǹtì dé nìyẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí àwa Kátólíìkì fi ń tún ọkàn wa ṣe de Olúwa tó ń bọ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan, a ó tan àbẹ́là kan kún ti tẹ́lẹ̀.

Ìyá mi, ọmọ Kabba, ní àṣà tirẹ̀. Yóò gbé àpótí pákó kékeré kan sí kọ̀rọ̀ pálọ̀, láìsí nǹkan nínú rẹ̀. Ibùsùn Jésù ni. Ọmọ tó bá ṣe iṣẹ́ rere kan yóò fi ẹyọ koríko gbígbẹ kan sí i, kí ara lè tu ọmọ tuntun náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń pọnmi, ó ń gbálẹ̀, koríko tirẹ̀ ń pọ̀ sí i. Èmi? Eré ni mò ń sá kiri. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó wò mí, ó ní, "Tó bá jẹ́ tìẹ nìkan ni, orí igi lásán ni Jésù máa sùn." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an.

Hàjíyà arúgbó kan, ará Nupe, ń sin àgbò ní òdìkejì ilé wa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo yọ́ wọ ibi tí àgbò rẹ̀ wà, mo kó ewé ẹ̀pà gbígbẹ tó tọ́jú fún wọn, èyí tí a ń pè ní hárawá, mo sì kì í bọ inú àpótí títí tó fi kún. Ìyá mi dé láti ọjà, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó fa ọ̀kan yọ. Ẹ̀pà méjì ṣì so mọ́ ọn.

"Iṣẹ́ rere wo ló ń so ẹ̀pà, ìwọ ọmọ yìí?"

Ó fà mí lọ́wọ́ dé ọ̀dọ̀ Hàjíyà. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ pé ibùsùn Jésù tí à ń retí ni mo kó o sí. Mo ti ń retí igbájú, àfi bí Hàjíyà ṣe bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ tí ẹ ń retí yẹn náà ń jẹ hárawá ni?"

Ìyá mi wá ṣàlàyé ohun tí àpótí náà wà fún. Hàjíyà ní, "Ó dáa. Máa wá fún àwọn àgbò mi lómi láràárọ̀. Tó o bá ti ṣe é, èmi fúnra mi ni màá fún ẹ ní koríko."

Mo ṣe é, n kò pa ọjọ́ kan jẹ. Nígbà tí ó ku ọ̀la tí Kérésìmesì yóò pé, Hàjíyà fún mi ní koríko tèmi, ó tẹ̀ lé mi wọlé, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ju ẹyọ kan sínú àpótí.

"Èyí tèmi ni. Ṣebí mo dárí jì ẹ́? Àbí ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ rere?"

Lónìí, ní Gadumo tí mò ń gbé, orin Kérésìmesì ti ń dún nínú kẹ̀kẹ́ kí Àdífẹ́ǹtì tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ibùsùn Jésù tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ti ní koríko oníke tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn pinpin, kò ku ohun tí ọmọ kan máa fi kún un. N kò bá ayé jà. Ó ti yí padà ni. Ìyá mi ti lọ, Hàjíyà náà ti lọ, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé àpótí pákó yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bí a bá ti tan àbẹ́là àkọ́kọ́, n ó pe àwọn ọmọ mi jọ, n ó fi ẹyọ koríko kan sínú rẹ̀.

"Èyí kì í ṣe tèmi o," ni mo máa ń sọ fún wọn. "Ti Hàjíyà ni. Ó yá, ẹ lọ wá tiyín."