Ohùn Màmá tí Irinṣẹ́ Ìdìpọ̀ Gé Dànù

Ohun tí a pàdánù ni ohùn ìyá àgbà kan, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gbé ní àdúgbò Okere ní Warri, tó ka ẹ̀kọ́ Yorùbá sínú kọ̀ǹpútà fún àwọn ọmọ wa níbẹ̀. Kò sí ẹ̀dà mìíràn.

Àwọn ọmọ wa gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Píjìn ni wọ́n fi ń dáhùn. Ìdí nìyí tí èmi àti ẹnìkejì mi, tí a jọ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Deco Road, fi ṣe ètò kan tí yóò máa kọ́ wọn ní ìwé kíkà. Màmá ló yá wa ní ohùn. Bó bá kà tán, á bi wá pé, "Ṣé mo ti wọnú àpótí yín tán? Ẹ má ti ìlẹ̀kùn mọ́ mi o."

Irinṣẹ́ méjì la ní tí a fi ń di irú ètò bẹ́ẹ̀ pọ̀, ilé-iṣẹ́ kan náà ló sì tà wọ́n fún wa: ọ̀kan fún kọ̀ǹpútà tó wà nílẹ̀, èkejì fún sídíì. Àwọn méjèèjì ló kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé àwọn yóò fún ẹrù náà, ìyẹn ètò àti ohùn inú rẹ̀, pọ̀ níwọ̀n. A gbé kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a fi ti àkọ́kọ́ dán an wò níbẹ̀. Ohùn Màmá dún ketekete.

Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Warri, tí ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún ládùúgbò, ẹnìkejì mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ló máa ru kọ̀ǹpútà kọjá níwájú sójà? Sídíì ni ká fi sápò." Bí gbogbo wa ṣe ń sá ní Warri nígbà náà nìyẹn: ohun tó bá gba àpò ni tẹni. A dì í sórí sídíì, a sì gba Ṣàgámù lọ. Wọ́n dáná sun ṣọ́ọ̀bù wa. Màmá kú kí a tó padà.

Nígbà tí a fi sídíì náà sínú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀ṣì, ohun tó jáde dà bí atẹ́gùn tó ń gba inú ihò kọjá. Ọmọ-ọmọ Màmá tó jẹ́ obìnrin tẹ́tí sí i, ó ní, "Na who dey talk inside bottle so?" Ó ń bèèrè ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìgò.

Irinṣẹ́ kejì, ti sídíì, ti gé lára ohùn náà dànù kí ẹrù lè kéré. Ti àkọ́kọ́ kò gé ohunkóhun. Ẹni tó ń ki gaàrí sínú àpò lè fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kì í da ìdajì rẹ̀ nù kó má sọ fún ẹni tó ni ín. Ìjà ló lé wa kúrò nílé, lóòótọ́. Ìjà kọ́ ló gé ohùn Màmá.

Ilé-iṣẹ́ náà ṣì ń ta irinṣẹ́ méjèèjì. Kí wọ́n jáde sí gbangba, kí wọ́n sọ fún ọmọbìnrin yìí ẹni tó pinnu pé ohùn ìyá rẹ̀ àgbà ṣeé gé, àti ìdí tí wọn kò fi kìlọ̀ fún wa.