Lẹ́tà Tí Mo Dá Dúró

Ẹ pè mí ní ojo, mo gbà. Ìyàwó mi náà ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má pè mí ní òpùrọ́, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi méjèèjì ló rí i, ilẹ̀ sì ti mọ́ kedere nígbà tí mo rí i.

Mo ní káfẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì kan ní Warri nígbà tí ìjà ẹ̀yà mú kí ìlú gbóná. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà. Ìwé mẹ́fà náà ni mo kà, ìka ni mo sì fi ń tọ ọ̀rọ̀ bí mo bá ń kàwé.

Íńtánẹ́ẹ̀tì wa ń wọ́ bí ìgbín, mo wá pe ẹnjiníà kan, ará Urhobo, kó wá bá mi wo ẹni tó ń jẹ ẹ́ tán. Ó fi ètò kan sínú kọ̀ǹpútà tèmi. Ọ̀fẹ́ ni, ó ní àwọn tó ṣe é kò fi inú rẹ̀ pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo ohun tí oníbàárà bá fi ránṣẹ́, iwájú ètò yìí ni yóò gbà kọjá. Mo lè kà á. Mo tiẹ̀ lè dá a dúró, títí n ó fi tẹ bọ́tìnì pé kó máa lọ. Oníbodè ni mo sọ ọ́.

"Oga, no dey read people letter o," ẹnjiníà kìlọ̀ fún mi.

"Me wey no sabi book?" ni mo dá a lóhùn.

Ẹ gbà mí gbọ́, kí ọ̀sẹ̀ tó parí, mo ti mọ ẹni tó ń fẹ́ ta ládùúgbò wa. Ìka mi kì í sì í yá, nítorí náà mo máa ń dá lẹ́tà dúró títí n ó fi kà á tán.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Àlájì wọlé, ará Ọ̀yọ́ tó sanra, tó ń ta abọ́ tánńganran lọ́jà. Fóònù ti kú ní gbogbo ìlú láti ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ni íńtánẹ́ẹ̀tì tèmi ti ń wá.

"Ará Ìjẹ̀bú, ṣé ẹ̀rọ yín ń ṣiṣẹ́ lónìí, àbí ó ń gbààwẹ̀?"

"Ó ti ṣínu, Àlájì. Ẹ jókòó sí nọ́ńbà mẹ́rin."

Kò rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wà nílé ìwé ní Benin, ó sì fẹ́ wọkọ̀ wálé lọ́jọ́ kejì.

"Mo fẹ́ sọ fún un kó má wá. Yóò yẹ lẹ́tà wò láàárọ̀ kó tó lọ sí gáréèjì. Ó gbọ́dọ̀ bá a níbẹ̀ o."

Ó fi ìka kan tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Mo dá a dúró. Mo kà á dé ibi tó ti ní, "Má wá o, ọmọ mi, wọ́n ń pa èèyàn lójú ọ̀nà Ugbolokposo," ni ìbọn bá dún níta.

Gbogbo wa tú yáúyáú. Mo fa wáyà iná yọ, mo ti ilẹ̀kùn, ó di ilé. Lẹ́tà kẹ̀? Ta ló rántí lẹ́tà?

Láàárọ̀, bí wákàtí kónílé-ó-gbélé ṣe parí, ẹni tí òun àti Àlájì jọ ń tajà sọ fún mi pé ìbọn ba Àlájì bó ṣe ń lọ sílé. Wọ́n ti sin ín kí oòrùn àná tó wọ̀.

Lẹ́tà!

Mo sáré lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, nítorí inú lẹ́tà yẹn nìkan ni àdírẹ́sì ọmọ náà wà. Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo tan kọ̀ǹpútà tèmi nìkan. Oníbodè ṣófo. Bí mo ṣe fa iná yọ lánàá, ohun tó dì mú ti bá a lọ.

Mo gbé orí lé tábìlì. Nígbà tí mo gbé e sókè, ìlà kan ti wà níbẹ̀. Lẹ́tà kan, ó ń dúró dè mí.

Láti nọ́ńbà mẹ́rin ni.

Mi ò purọ́ fún yín, ilẹ̀ ni nọ́ńbà mẹ́rin wà, níbi tí àwọn tó ń sá lánàá ti gbá a ṣubú. Wáyà rẹ̀ ti já. Ojú rẹ̀ dúdú.

Àga iwájú rẹ̀ dún, bí ìgbà tí ẹni tó sanra bá yíra padà.

"Ará Ìjẹ̀bú," ohùn kan sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ jẹ́ kó kọjá."

Kí ni mo ṣe? Mo sá. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló bá mi dé títì. Sójà na ìbọn sí mi: "Oga, wetin dey pursue you?" Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbọn yẹn tù mí nínú.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé aago mẹ́jọ ni mọ́tò àkọ́kọ́ ń kúrò ní Benin. Aago méje ti kọjá.

Mo padà. Ẹ má yìn mí, ẹkún ni mo fi wọlé. Mo gbé ọwọ́ lé bọ́tìnì, mo dijú, mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo lajú, ìlà náà ti lọ.

Mọ́tò tó gbéra ní Benin láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kò kọjá Ugbolokposo, kò dé Warri.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ náà wọlé tọ̀ mí wá, láàyè, pẹ̀lú lẹ́tà bàbá rẹ̀ lórí bébà.

"Uncle, see the time wey dey here. Dem don bury my papa that time."

Ó fi ìka tọ ìlà tó gbẹ̀yìn fún mi, bí ẹni pé ó mọ bí mo ṣe ń kàwé. Mo kà á: *Láti àná ni mo ti fi èyí ránṣẹ́. Ẹnìkan ló ń kà á lọ́wọ́.*

"Uncle," ó rọra bi mí, "na who dey read am?"

Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Ó wò mí títí, ó ká bébà rẹ̀, ó lọ.

Mo ti yọ Oníbodè kúrò. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ń gba ọwọ́ yín kọjá, ẹ jẹ́ kó kọjá. Mi ò mọ̀ bóyá Àlájì ti dárí jì mí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé títí di òní, bí mo bá fi ìka lé ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé, tí mo sì pẹ́ lórí rẹ̀ díẹ̀, àga kan á dún lẹ́yìn mi.