Ọjọ́ Tí Gbogbo Wa Ń Fọwọ́ Ti Kẹ̀kẹ́ Nítorí Tíṣà

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ẹsẹ̀ mi kò tíì lè tó ilẹ̀ bí mo bá jókòó sórí àga kẹ̀kẹ́, mo ti mọ kẹ̀kẹ́ gùn ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin ìlú wa lọ. Ìtàjí ni mò ń sọ. Abẹ́ irin ni mo ti kọ́ ọ. Màá ki ẹsẹ̀ kan bọ abẹ́ ọ̀pá àárín kẹ̀kẹ́ bàbá mi, màá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí alákàn, màá sì máa wà á yí ẹ̀yìnkùlé ká títí ìyá mi yóò fi pariwo. Nígbà tí mo fi máa pé ọmọ ọdún méjìlá, kò sí òkè tí mi ò lè gùn ní gbogbo agbègbè wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì tí ẹ gun kẹ̀kẹ́ kọjá níwájú ilé mi ní Sátidé tó kọjá, tí mo pariwo mọ́, mo gbọ́ pé ẹ ní orí ìyá àgbà yẹn ti ń dàrú. Orí mi ò dàrú rárá. Ẹ jókòó, kí n rò fún yín.

Ìyá tó bí ìyá mi, Ùsì ló ń gbé. Òun ló tọ́ mi láti ìgbà tí wọ́n ti já mi lẹ́nu ọmú títí mo fi tó ọmọ ilé ìwé, kí bàbá mi tó wá mú mi padà sí Ìtàjí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti gbọ́n, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti mọ bí oorun ṣe ń dùn. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ara rẹ̀ kò yá láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí ọdún Àjíǹde ku ọ̀sẹ̀ kan, ó rán obìnrin kan tó máa ń wá ra epo pupa ní Ìtàjí sí wa. Iṣẹ́ tó rán kò gùn: "Ẹ sọ fọ́mọ mi kó wá ulé. Ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ rí."

Bàbá mi ò lè kúrò lóko, torí òjò ti rọ̀, iṣu ló ń gbìn. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Mọ́tò kò sì pọ̀ lójú ọ̀nà wa nígbà náà, ká má tiẹ̀ wá sọ ti àsìkò ọdún. Ó wá ku ọ̀nà kan ṣoṣo, ìyẹn ni Gálílì.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ̀, ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé Àjíǹde ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Jésù ní kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn òun lọ pàdé òun ní Gálílì, àwa ọ̀dọ́ ìjọ náà á wá jáde nílùú lọ́jọ́ yẹn, a ó kọrin, a ó jẹun, a ó ṣeré, a ó sì padà sílé nírọ̀lẹ́. Lọ́dún yẹn wọ́n ní Ùsì ni Gálílì wa, kẹ̀kẹ́ la ó sì gùn lọ. Bàbá mi ránṣẹ́ sí ìyá àgbà pé ọjọ́ yẹn ni màá dé. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun. Kẹ̀kẹ́ méjìlá la kó jọ. Ọmọbìnrin mẹ́ta ló wà nínú wa. Àwọn méjì jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n wọn, èmi nìkan ni mo gun tèmi, kẹ̀kẹ́ àbúrò bàbá mi tí búrékì rẹ̀ mú dáadáa. Bàbá mi bá olórí wa sọ̀rọ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fà mí lé ìyá àgbà lọ́wọ́ bí a bá ti dé Ùsì. Ọkùnrin náà ní kó fọkàn balẹ̀.

Tíṣà ni gbogbo wa ń pe olórí wa yìí. Ó ń kọ́ni nílé ìwé, òun náà ló ń darí àwa ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó sanra díẹ̀, aṣọ funfun rẹ̀ kì í ní àbàwọ́n, ó sì fẹ́ràn kí wọ́n máa kí òun. Kí a tó gbéra, ó gbàdúrà tó gùn ju ìwàásù lọ, ó wá ṣòfin kan fún wa. Ó ní, "Ẹnì kankan ò gbọdọ̀ kọjá mi. Ibi tí mo bá dúró, kí gbogbo yín dúró. Ọmọdé kì í ṣíwájú àgbà." Gbogbo wa dáhùn pé ó dáa, sà.

Láti Ìtàjí dé Ọ̀yẹ́, ẹ̀yin náà ti fi ẹsẹ̀ yín mọ̀ ọ́n, òkè ni. Bí ẹ bá gun ọ̀kan tán, ẹ ó sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́, òmíràn á tún ti dúró dè yín. Ní tiwa, ọ̀dà kò sí ńbẹ̀, ilẹ̀ pupa àti òkúta wẹ́wẹ́ ni. Ẹni tó bá mọ kẹ̀kẹ́ gùn mọ̀ pé bí èèyàn bá ń sọ̀kalẹ̀, ńṣe ló yẹ kó jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ sáré, kí eré yẹn lè gbé e dé ìdajì òkè tó kàn. Tíṣà ò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á di búrékì mú ṣinṣin, á tún na ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, á máa wọ́ bọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń mú lọ síwájú adájọ́. Bó bá fi máa dé ẹsẹ̀ òkè kejì, kò ní eré kankan mọ́. Á bọ́ sílẹ̀, á máa fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ṣé ẹ mọ ohun tí àwa tó kù ṣe? Àwa náà bọ́ sílẹ̀. Gbogbo wa pátá! Ẹ fojú inú wò ó, kẹ̀kẹ́ méjìlá, ọ̀dọ́ tí ara wọn le koko, a tò tẹ̀lé ara wa, a ń fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ gòkè nínú oòrùn torí pé àgbà ń ti tirẹ̀. Ta ló máa jókòó sórí kẹ̀kẹ́ nígbà tí Tíṣà ń fẹsẹ̀ rìn? Kò sí nínú òfin tó ṣe, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún wa. A ti mu ún mọ́ wàrà ìyá wa. Ìgbà tí mo tiẹ̀ gbàgbé lẹ́ẹ̀kan, tí mo ń gun tèmi lọ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn wọn, àwọn tó wà níwájú mi bojú wẹ̀yìn wò mí bí ẹni tó bú bàbá wọn. Mo sọ̀kalẹ̀.

Bó bá sì pàdé ẹni tó mọ̀, ìyẹn tún ni. Á dúró, á kí onítọ̀hún, á béèrè ìyàwó, á béèrè ọmọ, á béèrè iṣu tó wà lóko. Àwọn ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀ nínú eruku, àwa á kúnlẹ̀, a ó dìde, a ó gun kẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, a ó tún bá ẹlòmíràn pàdé. Ta ni Tíṣà ò mọ̀ ní gbogbo Èkìtì? Oòrùn tó yẹ kó bá wa ní Ìfàkì, orí òkè Ọ̀yẹ́ ló ti bá wa.

Nígbà tí a dé Ìfàkì, ó ní òun fẹ́ yà kí ọ̀rẹ́ òun kan. Ọ̀rẹ́ náà gún iyán fún un. Tíṣà wọlé, ó jẹ iyán, ó mu omi, ó sùn. Mo ní ó sùn! A gbọ́ ìró imú rẹ̀ láti abẹ́ òrùlé tí a lóṣòó sí níta. Mo lọ bá ẹni tó dàgbà jù láàárín wa, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyá àgbà ń retí mi." Ó wò mí tàánú-tàánú. Ó ní, "Fara balẹ̀. Ṣé ìwọ lo máa lọ jí àgbà?" Àwọn tó ń pa á lówe pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, mi ò mọ ibi tí wọ́n wà lọ́jọ́ náà.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí a dé Ìdó. Tíṣà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú ọ̀run, ó ní, "Ọjọ́ ti lọ. Ibí yìí la ó ti ṣe Gálílì wa. Ùsì ò ní í sá lọ." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò kan lẹ́bàá pápá ilé ìwé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin Àjíǹde.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin mọ ibi tí Ìdó wà sí Ùsì. Lórí kẹ̀kẹ́, bí ẹ bá tutọ́ sílẹ̀ ní Ìdó, ẹ ó dé Ùsì kó tó gbẹ. Mo yí kẹ̀kẹ́ mi síbẹ̀. Mi ò sá o, mo kàn yí i ni, mo sì gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ùsì ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà. Màá tètè padà."

Ó dìde. Ó bi mí bóyá èmi ni mo wá di olórí, bóyá torí kí n lè fojú di òun níwájú èèyàn ni bàbá mi ṣe fà mí lé òun lọ́wọ́. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, àwọn ọmọbìnrin méjì yẹn ti dì mí lápá. "Kúnlẹ̀! Bẹ Tíṣà!" Àwọn ọkùnrin náà ń sọ pé kí n kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ Ìdó, mo sì sọ pé, "Ẹ má bínú, sà." Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o, èmi tí wọ́n ṣẹ̀! Ó bó ọsàn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó mu ún tán pẹ̀lú, kó tó ní òun ti dárí jì mí.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí a padà délé. Wọ́n ròyìn gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi, wọ́n ní mo fẹ́ ṣorí kunkun àmọ́ mo tètè bẹ̀bẹ̀. Bàbá mi gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́, ó ní, "O káre. Ọmọ tó mọ àgbà ni ọ́. Tó bá di Sátidé, èmi fúnra mi á mú ọ lọ." Mo fẹ́ràn bàbá mi púpọ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti kú, àmọ́ "o káre" yẹn, mi ò tíì dárí rẹ̀ jì í.

Ní Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n wá sọ fún wa láti Ùsì pé ìyá àgbà ti lọ.

Aládùúgbò rẹ̀ kan ló ro bó ṣe ṣe lọ́jọ́ Gálílì fún mi, ọjọ́ tí a sin ín ló rò ó. Ó ní láti àárọ̀ ni wọ́n ti gbé e jáde sórí bẹ́ńṣì, ó ní kí wọ́n kọ ojú òun sí ọ̀nà Ìdó. Aṣọ tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀. Ó ní kí wọ́n gún iyán, kí wọ́n fi ewé wé e, kí wọ́n bo ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Nígbà tí iyán tutù, ó ní kí wọ́n tún un gún. Ó tún tutù, ó ní kí wọ́n tún un gún. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Gbogbo ìgbà tó bá gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́, á ní kí wọ́n gbé òun nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e wọlé nírọ̀lẹ́, ó ní kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀, pé ọmọ òun mọ kẹ̀kẹ́ gùn, á dé.

Àwọn àgbà ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Tèmi ti ju ogún ọdún lọ fíìfíì, ó ṣì ń jó mi. Òótọ́ ni Tíṣà sọ, Ùsì ò sá lọ. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Ìyá mi àgbà ni kò sí níbẹ̀.

Kí ẹ má sì rò pé Tíṣà nìkan ni mò ń bínú sí. Òun ò dè mí lókùn. Kẹ̀kẹ́ wà lọ́wọ́ mi, búrékì mú, ọ̀nà là gbalaja níwájú mi. Bí mo bá ti gùn ún lọ, ta ni ìbá lé mi bá nínú wọn? Wọn ìbá nà mí nígbà tí mo bá padà. Ẹgba á sàn lára, ó pẹ́ tán, ọ̀sẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ mi yìí, tó lágbára láti gun gbogbo òkè Èkìtì, tó wá ṣẹ́ kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́, ni inú ń bí mi sí jù.

Nǹkan ti yí padà lóòótọ́. Ọ̀dà ti dé ojú ọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kòtò ti jẹ ìdajì rẹ̀. Ọ̀kadà ló ń gbé èèyàn lọ Ọ̀yẹ́ báyìí, bí ìyá àgbà kan bá sì fẹ́ rí ojú ọmọ, fóònù wà. Ẹ̀yin dé akoto, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kẹ̀kẹ́ yín fúyẹ́ bí ìyẹ́. Ìgbà tí ẹ yà lọ́dọ̀ mi ní Sátidé láti mu omi kí ẹ tó padà sí Ọ̀yẹ́, tí mo rí ọmọbìnrin mẹ́rin tí oníkálukú gun tirẹ̀, inú mi kọ́kọ́ dùn. Ẹ̀yìn náà ni mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ń rẹ́rìn-ín sọ pé láti Ọ̀yẹ́ lòun ti ń di búrékì mú, torí pé ààrẹ ẹgbẹ́ ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni kọjá òun. Ààrẹ yín gbọ́, ó ní, "Ṣé ẹ rí i, màámi? Ọmọ ìsinsìnyí ò mọ àgbà."

Ìgbà yẹn ni mo pariwo. Mi ò mọ gbogbo ohun tí mo sọ. Ife omi bọ́ lọ́wọ́ mi. Ohun tó sì dùn mí dé egungun ni pé ọmọbìnrin náà, tí kò ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, ló sáré bọ́ sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, tó kúnlẹ̀ sínú eruku níwájú mi. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà."

Mo ní kó dìde. Mo fọwọ́ ara mi gbọn eruku orúnkún rẹ̀. Mo ní kó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kó máa lọ, kó má dúró de ẹnikẹ́ni. Ó wo ààrẹ yín, ó wò mí, ó sì lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò ó títí ó fi dé ẹsẹ̀ òkè tó wà lẹ́yìn ìlú, òkè tí Tíṣà ti kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò bọ́ sílẹ̀.