Àyè Màámi Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sọ́kẹ́ẹ̀tì

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé áàpù tí wọ́n fi ń gbé ìsìn jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì rọrùn, ẹ bá mi bi í pé ta ló rọrùn fún. Èmi tí mò ń sọ yìí, odidi oṣù kan ni mo fi bá a wọ̀yá ìjà, mo sì mọ ohun tójú mi rí.

Màámi ló fà á. Wọ́n yọ̀ ṣubú ní bálùwẹ̀, egungun ìbàdí wọn sán, dókítà sì ní wọn ò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Obìnrin tí kò pa Sọ́ńdè kan jẹ rí láti ọjọ́ tí a ti kó wá sí Ìlọrin láti Ọ̀mù-Àrán! Wọ́n ní àyè tiwọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ǹṣì kẹta lápá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta tí wọ́n ti wà nílé, ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu wọn mọ́, àfi ẹyọ kan: "Ṣọ́ọ̀ṣì ti gbàgbé mi." Ó dùn mí wọra. Mo gbọ̀nà ilé Pásítọ̀ lọ, mo ní èmi ni màá wá áàpù tí a ó fi máa gbé ìsìn jáde, kí Màámi lè padà sí ṣọ́ọ̀ṣì láti inú yàrá wọn.

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ṣe?" ni Pásítọ̀ bi mí.

"Háà, Pásítọ̀! Kí ló wà níbẹ̀?"

Irọ́ gbuu ni. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, fáìlì ni mo mọ̀.

Áàpù àkọ́kọ́ tí mo gbé wálé, bọ́tìnì rẹ̀ ò lóǹkà. Mo tẹ ọ̀kan, Pásítọ̀ dorí kodò. Mo tẹ òmíràn, ohùn pòórá. Èkejì ní àfi kéèyàn kọ páásíwọ́ọ̀dù kó tó wọlé. Màámi ní àwọn ò tíì rí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń bi èèyàn ní ọ̀rọ̀ àṣírí lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀kẹta lọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ débi pé mo ju fóònù sórí àga, mo sì bú u bí ẹni ń bú èèyàn.

Áàfà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa gbọ́ èébú náà. Ọmọ àdúgbò Gàmbàrí n'Ílọrin níbí ni, àràárọ̀ ló sì máa ń ṣe wàásí láti ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀, á fi fóònù ti kẹ́tùlù, gbogbo ayé á máa gbọ́ ọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ẹ̀yin ẹlẹ́sìn Jésù ti fẹ́ràn wàhálà jù! Bọ́tìnì kan ṣoṣo ni tèmi. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ máa sọ̀rọ̀."

"Kò ní lọ gbé wàásí yín wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa?"

"Tó bá gbé e wá, ẹ jókòó gbọ́ ọ, ẹ ó jàǹfààní."

Ni mo bá gba ti Áàfà. Ní Sọ́ńdè, fóònù ṣọ́ọ̀ṣì ò lè dúró láìsí iná, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè Màámi. Mo gbé gbogbo ẹrù mi kalẹ̀ síbẹ̀. Àwòrán mọ́ kedere, ohùn já gaara. Inú mi dùn, mo ń yan bọ̀ wálé.

Màámi wọ ìró àti bùbá, wọ́n wé gèlè, wọ́n jókòó sórí àga, ojú wọn le koko.

"Màámi, ṣé ẹ rí wa?"

"Mo rí yín."

"Kí ló wá dé?"

"Mo kí Pásítọ̀, wọn ò dá mi lóhùn. Mo kí ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó, ó kọjú sí mi gan-an, ó ń họ imú."

"Màámi, ẹ̀yin lẹ rí wọn, àwọn ò rí yín."

"Ó wá dà bíi pé mo yọjú wọ ilé onílé lójú fèrèsé. Má tan nǹkan yẹn fún mi mọ́." Wọ́n sì tú gèlè.

Inú bí mi! Gbogbo làálàá mi! Àwo ni mò ń fọ̀ ní ìdáná, mò ń kùn, kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Ta ló máa dé ibi kan, tí ẹnikẹ́ni ò ní kí i káàbọ̀, tí á ní òun débẹ̀?

Mo lọ ra wáyà gígùn ní àdúgbò Challenge nílùú wa, mo fi gbé fóònù ṣọ́ọ̀ṣì kúrò ní àyè Màámi lọ sẹ́yìn. Nígbà tí Sọ́ńdè mìíràn dé, mo fi tèmi pe Màámi ní fídíò, bí àwọn ọmọ-ọmọ wọn ṣe máa ń pè wọ́n. Ibi àwọ̀ ewé ni kí wọ́n tẹ̀, ó tán. Mo kó ìwé orin jọ, mo fi ti fóònù, mo gbé e sí àyè wọn gan-an.

Ọ̀rẹ́ wọn ló kọ́kọ́ rí wọn. Ó pariwo, gbogbo bẹ́ǹṣì yí padà. Àwọn ìyàwó ilé ń kúnlẹ̀ kí fóònù: "Ẹ káàárọ̀ Mà!" Màámi ń bi wọ́n léèrè ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Pásítọ̀ sọ̀kalẹ̀ wá kí wọn. Ìwàásù ti wọra nígbà tí ohùn Màámi là á já: "Ọ̀rẹ́ mi, gèlè rẹ bo Pásítọ̀ mọ́ mi lójú, sún!" Èmi ni mi ò rántí dín ohùn kù. Ẹ̀rín pa gbogbo ìjọ, èmi ńkọ́, omijé ló bọ́ lójú mi.

Lọ́sàn-án, Áàfà wá bẹ̀ wọ́n wò. Ó ní, "Ìyá, mo kọjá láàárọ̀, mo kí yín lójú fèrèsé, ẹ ò dáhùn."

Gèlè ṣì wà lórí Màámi.

"Áàfà, ẹ má bínú," ni wọ́n sọ. "N ò sí nílé. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."