Bátìrì Tí Mo Fi Oúnjẹ Pa

Níwájú àgbẹ̀ bí ọgọ́ta ni bátìrì náà ti kú, ní gbàgede ilé ìjọsìn kan ní Òde-Ayé, ní ọ̀sán gangan. Ojú kọ̀ǹpútà alágbèéká náà ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dúdú, ó parí. Èmi tí mo ń tọ́jú bátìrì náà dúró síbẹ̀, mo ń wò ó. Mo ti ṣiṣẹ́ bátìrì fún ọdún méjìlá nígbà náà. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo fún un ní iná títí ó fi yó bámúbámú.

Ríwáyà ni mí. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ ní Okitipupa láàárín àwọn ọdún 1990 mọ ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀: ẹni tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe, tó ń wo iná iwájú àti fèrè, tó sì ń ṣáàjì bátìrì. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lójú ọ̀nà Igbódìgò. Mo ní jẹnẹrétọ̀ ńlá kan tí a rì mọ́ sìmẹ́ǹtì, nítorí náà bí iná ìjọba bá ti lọ, ọ̀dọ̀ mi ni àwọn èèyàn ń wọ́ wá.

Ìrẹ̀lẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí kì í rẹ́rìn-ín tó bá ti di ọ̀rọ̀ bátìrì. Lọ́jọ́ tí mo gba òmìnira, òfin kan péré ló fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Má jẹ́ kí ebi pa bátìrì. Èyí tí ebi bá pa sùn kì í jí dáadáa mọ́." Òótọ́ sì ni, fún bátìrì ọkọ̀. Tó bá kú tí wọ́n pa á tì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òjé inú rẹ̀ á funfun, á le, omi bátìrì tuntun kò ní í ràn án lọ́wọ́. Mo máa ń fi òfin yìí yangàn. Awakọ̀ kan gbé bátìrì tó ti kú láti oṣù méjì wá bá mi, mo bú u bí ẹni tó febi pa ọmọ rẹ̀.

Màdáàmù Fọlákẹ́ ló gbé kọ̀ǹpútà náà wá. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ọmọ Abẹ́òkúta, wọ́n rán an wá kọ orúkọ àwọn àgbẹ̀ tí wọn yóò fún ní irúgbìn ọ̀pẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní Àkúrẹ́ ti sọ fún un pé bí ọ̀rọ̀ orúkọ yìí bá yanjú, wọn yóò gbà á pátápátá. Bí kò bá yanjú, kí ó máa lọ sílé. Ó ṣí ẹ̀rọ náà lórí tábìlì mi bí ẹni ṣí Bíbélì, iná sì tàn nínú rẹ̀ láìsí wáyà kankan. Mo sún sẹ́yìn. Mo tẹ̀ síwájú. Mo wò ó lábẹ́ bóyá wáyà kan wà tí n kò rí.

Ó ní, "Ọ̀gá Ríwáyà, kò síná nílùú. Ṣé ẹ lè máa bá mi ṣáàjì rẹ̀?"

Mo ní, "Màdáàmù, ebi kì í pa bátìrì lọ́dọ̀ mi."

Wákàtí mẹ́ta ni bátìrì rẹ̀ ń lò kó tó kú nígbà tó kọ́kọ́ dé. Màdáàmù á gbé e lọ sóko láàárọ̀, á lò ó fún bí ogójì ìṣẹ́jú, á gbé e padà wá, èmi á sì sọ ọ́ síná lójú ẹsẹ̀. Bó ti ń kún tó, mi ò yọ ọ́. Mo ní kó jẹ àjẹṣẹ́kù. Kò pẹ́, wákàtí mẹ́ta di méjì, méjì di ẹyọ kan. Màdáàmù fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn mí. Mo dá a lóhùn pé ebi ló ń pa á, kí ó máa gbé e wá lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ẹ wo agbára mi.

Ọjọ́rú ni ọ̀gá láti Àkúrẹ́ wá sí Òde-Ayé, kí wọ́n lè pe orúkọ kọ̀ọ̀kan kí ẹni tó ni ín sì dáhùn. Ẹni tí kò bá dáhùn lójú rẹ̀ kò ní í gba ọ̀pẹ. Màdáàmù mú mi dání nítorí bátìrì náà. Òjò ti ba ìwé tí Màdáàmù fọwọ́ kọ jẹ́, inú kọ̀ǹpútà nìkan ni orúkọ wà, ó sì tò wọ́n ní a-bí-dí. Àwọn Adé dáhùn, àwọn Akin dáhùn, bátìrì kú. Ogún ìṣẹ́jú péré ni.

Bàbá arúgbó kan dìde, Bàbá Tẹ́wọ́gbadé, ẹni tí gbogbo oko tó wà lápá ibẹ̀ mọ̀. Ìkálẹ̀ pọ́ńbélé ló fi bá Màdáàmù sọ̀rọ̀: "Ọma mi, ulé wo lo kó orúkọ mi lọ?"

Ariwo sọ. Ẹnìkan ní ó ti ta orúkọ àwọn fún ará ìlú mìíràn. Mo sáré tú bátìrì ọkọ̀ ọ̀gá náà, mo fẹ́ ta wáyà rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, Màdáàmù di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Tó bá jó, orúkọ gbogbo wọn ló jó." Ọ̀gá náà kọ nǹkan sínú ìwé kan, ó ní òun ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, pé bó bá tún rí báyìí, ìwé náà ni yóò lé Màdáàmù lẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, Màdáàmù fa ìwé kékeré kan yọ nínú báàgì, ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá. Ó kà á, ó tún un kà.

"Wọ́n ní ká jẹ́ kó kú tán ká tó gbé e síná."

"Kó ṣe kí ni?"

"Kó kú. Wọ́n ní irú bátìrì yìí, bí a bá ń bù fún un nígbà tí ebi kò tíì pa á, á gbàgbé pé òun lè jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo gba ìwé náà, mo yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń wá òpùrọ́ tó kọ ọ́. Mo ní, "Ẹ ò kà á láti ọjọ́ yìí?" Ó ní, "Mo rò pé ẹ mọ̀ ọ́n." Èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, a tan kọ̀ǹpútà náà, a jókòó tì í, à ń wò ó bó ṣe ń kú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ọwọ́ mi lọ síbi ṣáàjì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Màdáàmù gbá a. Ó kú, a fún un lóúnjẹ, a tún pa á. Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí di ọjọ́ Àìkú, ó sì ń pẹ́ sí i nígbà kọ̀ọ̀kan. Ìwé náà tún ní ká dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù, ká pa ohun tí a ò lò. Ibi tí a ti ń pa wọ́n ni mo ti bá eré káàdì kan nínú ẹ̀rọ náà.

"Màdáàmù, èyí ńkọ́?"

Ó wolẹ̀. "Ìgbà tí mo bá ń dúró de àwọn àgbẹ̀ ni."

Lọ́jọ́ Ajé, ní Òde-Ayé, Màdáàmù fi kọ̀ǹpútà náà pe orúkọ fún wákàtí kan àti ààbọ̀, bátìrì kò kú. Ó pe Bàbá Tẹ́wọ́gbadé, bàbá dáhùn, ó pe àwọn yòókù títí wọ́n fi tán. Síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń sọ pé ẹ̀tàn ni ikú ti Ọjọ́rú, ọ̀gá Àkúrẹ́ kò sì tíì fa ìwé yẹn ya. Màdáàmù kò wo ọ̀dọ̀ mi. Oníbàárà mi pọ̀ láàárín wọn, ṣùgbọ́n mo dìde. Mo ní, "Kò ta orúkọ ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ba bátìrì yẹn jẹ́. Mo ń ṣáàjì rẹ̀ nígbà tí kò yẹ, n kò mọ̀." Ọ̀gá náà wò mí, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó fà á ya.

Mo sùn dáadáa. Nígbà tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ kejì, Sùúrù onígbàjámọ̀ ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀dọ̀ mi ló ti ń ṣáàjì ẹ̀rọ ìgẹrun oníbátìrì rẹ̀ láràárọ̀ fún ọdún mẹ́rin, ebi ì báà pa á tàbí kò pa á. Ó tú àpò ọ̀rá kan sórí tábìlì mi. Ẹ̀rọ ìgẹrun márùn-ún ló bọ́ síta, gbogbo èyí tí mo ti wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo sọ fún un pé ayédèrú ni, kó lọ ra òmíràn.

Ó ní, "Mo gbọ́ ohun tó o sọ ní Òde-Ayé. Àwọn wọ̀nyí ńkọ́, Ríwáyà? Ta ló pa wọ́n?"

Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Mo fa àga fún un, mo ní kó jókòó, mo sì sọ fún un pé èmi ni.